Kórópe méjìlá láti Èkó sí Ifẹ̀: reluwé ni àbí tírélà?

Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o. Ẹ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín ní Ilé-Ifẹ̀ fẹ́ kó kórópe tuntun méjìlá láti ilé iṣẹ́ tó ń to mọ́tò ní Èkó, pé ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ taku pé reluwé ni kí ẹ fi kó wọn, nítorí reluwé ni wọ́n fi ń kó mọ́tò tuntun lókè òkun. Ẹni yẹn ò parọ́. Kò kàn sọ ọ́ tán ni.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa mọ́tò gun wágọ́nù, ìyẹn ọkọ̀ ẹrù tí reluwé ń fà, ní àgbàlá reluwé kan nítòsí Chicago kí n tó padà wálé sí Iléṣà. Wágọ́nù ọ̀hún gùn tó bíi mítà 27. Alájà mẹ́ta ń gba mọ́tò kékeré bíi 15, alájà méjì ń gba jíìpù bíi 10. Wọ́n á so wágọ́nù mọ́ra wọn, wọ́n á fi pẹpẹ irin ṣe afárá láàárín ọ̀kan sí èkejì, èmi á wá máa wa mọ́tò lọ látinú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn bí òkété tó wọhò. Àlàfo tó wà láàárín bọ́ńpà iwájú àti bọ́ńpà ẹ̀yìn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ilẹ̀kùn kì í ṣí tán; èèyàn á fa ikùn wọlé, á rọra yọ́ jáde. A kì í wọ bẹ́líìtì onírin, a kì í wọ aago, a kì í wọ òrùka.

Ọ̀sẹ̀ kejì mi níbẹ̀ ni mo gbàgbé òrùka ìgbéyàwó mi sọ́wọ́. Bí mo ṣe ń yọ́ jáde, mo gbọ́ tíín. Ìlà kan, tó tín-ín-rín bí irun orí, tí kò gùn tó ìka, lára mọ́tò dúdú kan. Ọ̀gá wa fi tọ́ọ̀ṣì tàn án, ó wò ó, ó wo ọwọ́ mi, kò bú mi. Ó ní kí n máa lọ sílé, ó di ọjọ́ Ajé. Owó ọjọ́ mẹ́ta wọgbó.

Ìdí tí wọ́n fi ń fara da gbogbo ìyẹn ni pé ọ̀nà wọn jìn. Láti Detroit dé California ju 3,000 kìlómítà lọ. Ẹ fojú inú wo iye tírélà àti iye awakọ̀ tí ìyẹn máa gbà, nígbà tí reluwé kan ṣoṣo lè fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò lẹ́ẹ̀kan. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin mọ́tò tuntun ní Amẹ́ríkà ló ń wọ reluwé. Àmọ́ tí ibi tó ń lọ kò bá ju ìrìn ọjọ́ kan lọ, tírélà ló sábà máa ń gbé e. Kódà èyí tó wọ reluwé, àgbàlá reluwé ló ń bọ́ sí, tírélà ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tà á.

Reluwé náà sì ní àbùkù tirẹ̀ o. Irin ẹsẹ̀ wágọ́nù ń ha irin ojú ọ̀nà, ìyẹ̀fun rẹ̀ á fò, á bà lé ọ̀dà mọ́tò. Tí ìrì bá sẹ̀ sí i, ó dípẹtà nìyẹn. Mọ́tò funfun á wá rí bí èyí tí wọ́n fi epo pupa wọ́n. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní kúrò. Láyé àtijọ́, wágọ́nù náà ò ní ìbò, àwọn ọmọ ìta á máa sọ mọ́tò lókùúta bó ṣe ń kọjá, ìyẹn ni wọ́n fi fi irin bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ a tún máa sọ ti mọ́tò kékeré kan, Chevrolet Vega, ní àwọn ọdún 1970: òòró ni wọ́n ń to tìyẹn, imú nílẹ̀, ìdí lókè, 30 nínú wágọ́nù kan, bí ẹja gbígbẹ nínú agbọ̀n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Reluwé tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 láti Èkó, Mọ́níyà ní Ìbàdàn ló parí sí. Àárín irin rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ní mílímítà 1,435. Irin àtijọ́ tó gba Òṣogbo kọjá lọ sí Kánò, 1,067 ni tiẹ̀. Wágọ́nù tó wà lórí ọ̀kan kò lè bọ́ sórí èkejì, àfi kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tún un kó. Ti Ifẹ̀ àti Iléṣà ńkọ́? Òṣogbo ni irin gbà, kò yà sọ́dọ̀ wa. Wágọ́nù alájà tí mo ń sọ yìí gan-an, èmi ò tíì fojú kàn án nílẹ̀ yìí.

Ẹ bá mi kà á. Kórópe yín á gun tírélà níwájú ilé iṣẹ́, á sọ̀ ní ibùdókọ̀ reluwé l'Ékòó. Á gun wágọ́nù, á sọ̀ ní Mọ́níyà. Á tún gun tírélà, á sọ̀ n'Ífẹ̀. Gígùn mẹ́ta, sísọ̀ mẹ́ta. Tí ẹ bá gba tírélà tààrà, gígùn kan, sísọ̀ kan. Ibi tí mọ́tò tuntun ti ń fara gbọgbẹ́ kì í sábà jẹ́ ojú ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti ń gbé e gùn tí wọ́n sì ti ń sọ̀ ọ́ ni. Èkó sí Ifẹ̀ kò tó 300 kìlómítà. Kí lẹ wá ń wá lọ sórí irin?

Ẹ má sì gbọ́ ti àwọn tó ní kí ẹ háyà awakọ̀ méjìlá kí wọ́n máa wà wọ́n bọ̀. Wọ́n á sáré ìje pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí kò tíì mọ ìrìn, jáàkì tuntun á sì ti di àlòkù kí wọ́n tó dé Gbọ̀ngán.

Mi ò ní kí tírélà jẹ́ ańgẹ́lì. Nígbà tí mo dé, mo ra tírélà àlòkù kan tó ń kó mọ́tò méje. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ jáde l'Ékòó kí gosiló tó bẹ̀rẹ̀, ni mo bá fi iná fóònù buwọ́ lu wèébíìlì lóru: mọ́tò méje, kò sí àbùkù. Mo kọjá Òṣú tán, ó ku díẹ̀ kí n wọ Iléṣà, ni ẹ̀ka igi kan ha òkè ẹrù, ráúú! Ilẹ̀ mọ́, olówó mọ́tò dé. Eruku ọyẹ́ àti ìrì ti dà pọ̀ lórí òrùlé. Ó fi ìka nù ún, ìlà náà yọ. Ìyẹn, ti èmi ni, mo gbà. Ló bá tún lọ sí mọ́tò tó wà nísàlẹ̀, ó tọ́ka sí bọ́ńpà ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ wọnú. Igi wo ló máa dé ibẹ̀? Ọgbà tí mo ti gbé e ló ti gbá nǹkan. Ṣùgbọ́n wèébíìlì wà lọ́wọ́ olówó mọ́tò, ìbuwọ́lù mi ló wà níbẹ̀.

Oṣù márùn-ún ni mo fi san án díẹ̀díẹ̀. Àwa Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n mọ̀ sí òṣómàáló, tó ń lóṣòó gba owó aṣọ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà tèmi ni wọ́n wá lóṣòó sí, gbogbo àárọ̀ Sátidé, ìyàwó mi á máa gbé àga fún wọn.

Nítorí náà, ẹ pín méjìlá náà sí ìrìn méjì, mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ béèrè ìwé ìnṣọ́ránsì tó bo ẹrù, kì í ṣe èyí tó bo tírélà nìkan. Ẹ rí i pé bẹ́líìtì orí táyà ni wọ́n fi dè é, kì í ṣe ṣéènì tí wọ́n fi kọ́ abẹ́ mọ́tò; mọ́tò tí wọ́n fi táyà dè, ara rẹ̀ á lè mì bó ṣe yẹ nígbà tí tírélà bá wọ kòtò. Ojúmọ́ ni kí wọ́n kó o, ojúmọ́ ni kí wọ́n sọ̀ ọ́. Kí ẹnì kan nínú yín wà l'Ékòó, kó ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti òrùlé kọ̀ọ̀kan kó tó gun tírélà.

Tí wọ́n bá dé Ifẹ̀, akápò yín á fẹ́ tètè buwọ́ lùwé kí awakọ̀ lè máa lọ. Ẹ gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀ ná. Ẹ wá àkàbà, kí ẹnì kan gun òkè lọ wo òrùlé.