Ọdún 6 lórí ìwé, ọdún 1 lójú títì

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ gbé ọkọ̀ tuntun àkọ́kọ́ tí màá ní láyé mi. Àlòkù ni èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀. Gíà rẹ̀ kú lóru ọjọ́ kan lójú títì, inú rẹ̀ sì ni èmi àtàwọn ọmọ wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Àtúnṣe rẹ̀ gbé gbogbo owó tí mo tù jọ lọ. Ní báyìí, ẹni tó ń ta ọkọ̀ fún mi ní kí n ra àfikún wáráńtì, ìyẹn ìwé àdéhùn pé wọ́n á bá mi tún ọkọ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lára rẹ̀. Ti iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà jẹ́ ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà. Àfikún yìí yóò sọ ọ́ di ọdún 6 tàbí 120,000 kìlómítà. Ó ní wọ́n á ro owó rẹ̀ mọ́ ẹ̀yáwó ọlọ́dún 5 tí mo gbà, mi ò ní mọ̀ ọ́n lára rárá, àmọ́ tí n kò bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì, àǹfààní náà ti lọ nìyẹn. Ọkọ mi ní owó ìfiṣòfò ni, pé ẹ̀rù lásán ló ń bà mí. Ibi iṣẹ́ mi jìn, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 100 kìlómítà lójúmọ́. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin náà ẹ tún bá mi wo ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí mo kọ sí ojú-ìwé kejì.*

*Èmi ni tiyín, Ẹni Tí Ejò Ti Ṣán Rí.*

Àbúrò mi, orúkọ tó o fún ara rẹ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, tó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Mi ò ní fi ìyẹn ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́. Kí èèyàn sun ojú títì mọ́jú pẹ̀lú ọmọ, kì í ṣe ohun tí ara ń tètè gbàgbé. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká wò ó bóyá igi tí wọ́n ń nà sí ọ yìí lè pa ejò.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú ohun tí olùtajà yẹn sọ: "tàbí". Ọdún 6 *tàbí* 120,000 kìlómítà. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kì í ṣe èyí tó wù ọ́. Gbé bírò. 100 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, 25,000 nìyẹn. Fi ìrìn òpin ọ̀sẹ̀ àti ìbẹ̀wò ẹbí kún un, ká pè é ní 30,000. Tí ọdún 3 bá pé, ọkọ̀ rẹ ti rin 90,000, inú wáráńtì iléeṣẹ́ lo sì wà títí di ọjọ́ yẹn, tí wọn ò ní gba kọ́bọ̀ kún un lọ́wọ́ rẹ. Tí ọdún 4 bá pé, ó di 120,000. Ìwé náà kú nìyẹn. Ọdún 6 tí wọ́n ń kà sí ọ létí, ọdún 1 péré ló jẹ́ lójú títì tìrẹ. Ọkùnrin yẹn kò parọ́ o. Ẹni tó ń rin ìdajì ìrìn tìrẹ lè gbádùn ọdún 6 náà tán pátá. Ìwọ kọ́.

Ó wá ní o kò ní mọ̀ ọ́n lára, torí wọ́n á rò ó mọ́ ẹ̀yáwó! Láti oṣù àkọ́kọ́ ni wàá ti máa san án tòun tèlé, fún ohun tí kò ní wúlò fún ọ títí ọdún kẹrin yóò fi wọlé. Nígbà tí ọdún kẹrin bá jáde, tí ìwé ti kú, ọdún kan gbáko ṣì kù tí wàá fi máa san gbèsè òkú.

Wáráńtì gan-an ti wà nínú owó ọkọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní àfikún, ọjà ọ̀tọ̀ ni, ó ní èrè tirẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, ìdí sì nìyẹn tí ohùn wọn fi máa ń dùn tí ọ̀rọ̀ bá kan ibẹ̀. Ka ìwé ti iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ kó o tó ronú àfikún kankan. Bí iléeṣẹ́ kan ṣe ń ṣe yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ọdún 7 ni Kia ń fún àwọn tó ń ra ọkọ̀ rẹ̀ ní Yúróòpù. Ní Amẹ́ríkà, Hyundai ń fi ọdún 10 tàbí máìlì 100,000 dúró lórí ẹ́ńjìnnì àti gíà fún ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀. Ó lè jẹ́ pé ti ẹ́ńjìnnì àti gíà gùn ju ti ìyókù lọ nínú ìwé tìrẹ náà, gíà ló sì ń já ọ láyà jù.

Èmi náà ti ra irú àfikún yìí rí. Ní ọdún karùn-ún, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ mi kú. Kí n má parọ́, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, mo ní owó mi ti fẹ́ ṣiṣẹ́ wàyí. Wọ́n ní kí n kó ẹ̀rí wá pé mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Mo ń pààrọ̀ rẹ̀ kẹ̀! Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi ni, owó ọwọ́, mi ò gba rìsíìtì. Mo bi wọ́n pé kí ló kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nínú ọ̀rọ̀ amúlétutù. Wọ́n ka ìlà kan sí mi létí nínú ìwé tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí. Àpò mi ni mo fi tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, gbogbo rìsíìtì ọkọ̀ mi wà nínú páálí bàtà kan lábẹ́ ibùsùn, ìwọ náà wá páálí tìrẹ láti oṣù àkọ́kọ́, ìbáà jẹ́ wáráńtì iléeṣẹ́ nìkan lo ní.

Táyà, bíréèkì, wáìpà, gbogbo ohun tó ń jẹ tán nítorí lílò, wọn kì í sábà sí nínú àfikún wáráńtì. Ìjàǹbá ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ adójútòfò nìyẹn. Oríṣi ìwé méjì ló sì wà: ọ̀kan to orúkọ ohun tí wọ́n máa tún ṣe, èkejì to orúkọ ohun tí wọn ò ní tún ṣe, ó ní àwọn á tún ìyókù ṣe. Èkejì ló dára jù. Nínú ti àkọ́kọ́, ohun tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, tìẹ ni.

Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó yẹ kó rà á. Ẹni tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà lórí ọkọ̀, tí kò ní owó kankan nípamọ́, tí ìrìn rẹ̀ kò pọ̀, tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń ta ìwé náà, mi ò ní dá a dúró.

Ní tìrẹ, má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì. Bi ọkùnrin náà léèrè èló ni àfikún yìí máa fi kún owó oṣooṣù rẹ. Iye yẹn gẹ́lẹ́ ni kó o máa fi sí àpamọ́ ọ̀tọ̀ ní báńkì, láti oṣù àkọ́kọ́. Oṣù 36 lo ní kí wáráńtì iléeṣẹ́ tó tán. Tí gíà bá kú lẹ́yìn náà, owó wà nílẹ̀. Tí kò bá kú, owó rẹ ni. Ní ti pé àǹfààní ti lọ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣì máa ń ta àfikún tiwọn níwọ̀n ìgbà tí wáráńtì àkọ́kọ́ kò bá tíì parí. Pè wọ́n fúnra rẹ, kó o bi wọ́n bóyá wọ́n ní èyí tí kìlómítà rẹ̀ gba ìrìn tìrẹ. Tí ẹnì kan bá sì pè ọ́ lórí fóònù pé wáráńtì rẹ ti fẹ́ parí, gé e. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé ní ọdún 2022, àjọ FCC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù pé kí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ àwọn kan tó ń ṣe é.

Òótọ́ lọkọ rẹ sọ nípa ìwé yẹn, àmọ́ kò sọ òótọ́ nípa ẹ̀rù. Òun kọ́ ló jókòó sínú ọkọ̀ òkú lóru. Fi ìṣirò òkè yìí hàn án, kó o sọ fún un pé o gbà, ṣùgbọ́n kí òun náà máa fi iye kan sínú àpamọ́ yẹn lóṣooṣù. Ẹni tó bá ní ká má bẹ̀rù yẹ kó bá wa gbé díẹ̀ nínú ẹrù.

Ní ti àwọ̀, tí o fi odindi ojú-ìwé kan béèrè: ọkọ rẹ ní dúdú, ìwọ ní pupa. Ta ló fẹ́ máa wà á fún 100 kìlómítà lójúmọ́? Mú pupa.