Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí Ló Dé Tí Orin Rọ́ọ̀kì Kò Fi Gbàgbé Àwọn Òkú Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, lẹ àwòrán olórin rọ́ọ̀kì mẹ́rin mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, ó ní gbogbo wọn ti kú, àti pé ọmọ ọdún 27 ni olúkúlùkù wọn nígbà tí ó kú. Bí ẹni tí ń ki oríkì ni ó ṣe sọ ọ́. Kí ló dé tí àwọn olórin yìí fi fẹ́ràn ikú tó báyìí, ṣé òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ ọdún 27 yẹn? — Bàbá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ó wà lára ògiri náà jẹ́ Brian Jones, Jimi Hendrix, Janis Joplin àti Jim Morrison. Jones, ọ̀kan lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones sílẹ̀, kú sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1969. Hendrix kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970 lẹ́yìn tí ó lo oògùn oorun ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí oògùn olóró heroin fi pa Joplin ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Los Angeles. Morrison kú sí Paris ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1971, tí ó pé ọdún méjì gééré tí Jones ti kú. Ọmọ ọdún 27 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóòótọ́. Nígbà tí Kurt Cobain ti ẹgbẹ́ Nirvana sì pa ara rẹ̀ ní Seattle ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 27, àwọn èèyàn padà lọ ka àwọn ti ìṣáájú, wọ́n sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní 27 Club. Wọ́n tilẹ̀ wọ́ Robert Johnson, onijìtá tí ó kú ní Mississippi ní ọdún 1938, wọ inú ẹgbẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò kan wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Wọ́n kó orúkọ olórin 1,046 jọ, ìyẹn àwọn tí àwo wọn gba ipò kìíní ní Britain láàárín ọdún 1956 sí 2007. 71 nínú wọn ti kú. Bí ikú ṣe pa wọ́n ní ọdún 27 náà ni ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n ní ọdún 25 àti ọdún 32. Ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bani ni pé láti ogún ọdún títí dé nǹkan bí ogójì, ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ikú àwọn ojúgbà wọn yòókù ní Britain ni ikú tiwọn. Ọdún 27 yìí kàn ń jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ọtí àti oògùn olóró dà bí àyànmọ́ ni.

Kí a tó rí oògùn rárá ni ikú ti wọ inú orin yìí. Ní òru ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1959, bàálù kékeré kan já nítòsí Clear Lake ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ó sì pa olórin rọ́ọ̀kì mẹ́ta: Buddy Holly, ọmọ ọdún 22, J. P. Richardson, ọmọ ọdún 28, àti Ritchie Valens, tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ, ojúgbà ọmọ yín gan-an, pẹ̀lú ẹni tí ó wa bàálù náà. Ẹ̀rọ tí ń mú inú bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń káàkiri ṣeré gbóná ti bàjẹ́, òtútù ti jẹ ẹsẹ̀ onílù wọn débi pé ó wà ní ilé ìwòsàn, Holly sì háyà bàálù kí wọ́n lè sinmi, kí wọ́n sì ráyè fọ aṣọ. Nítorí aṣọ àti oorun ni o.

Èmi kò gbà pé àwọn olórin ni ó fẹ́ràn ikú tó bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń gbọ́ wọn ni a fẹ́ràn ẹni tí kò lè darúgbó mọ́, àṣà yìí sì ti wà kí rọ́ọ̀kì tó dé. Nígbà tí ẹgbẹ́ Rolling Stones ṣeré ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn ikú Jones, ewì tí Mick Jagger, olórin wọn, kà ni èyí tí akéwì Gẹ̀ẹ́sì Shelley kọ fún Keats, akéwì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kú ní ọmọ ọdún 25 ní ọdún 1821. Omi sì gbé Shelley fúnra rẹ̀ lọ ní ọdún kejì, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n tú labalábá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti kú sínú àpótí. Ní ọdún 1965, Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who kọ orin kan tí ó fi ń tọrọ pé kí òun kú kí òun tó darúgbó. Ó ti di arúgbó báyìí, nígbà tí Keith Moon, onílù wọn, ti kú ní ọmọ ọdún 32.

Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Àwo mẹ́ta péré ni Hendrix parí ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, àwọn tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ sì ti pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Àwo tí Joplin ń ṣe lọ́wọ́ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1971, ó sì gba ipò kìíní. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní ohùn kankan, torí pé ó kú kí ó tó kọ tirẹ̀ sí i.

Ẹnì kan ni ó yẹ kí ẹ mọ ìtàn rẹ̀, Bàbá: Ian Curtis ti ẹgbẹ́ Joy Division, tí wárápá ń bá jà, tí ó sì pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ní ọmọ ọdún 23. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kò fetí sí ọ̀rọ̀ inú orin rẹ̀ dáadáa. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ọnà lásán ni. Nítorí náà, ẹ má fa àwòrán ya. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ ní kí ó gbé orin náà sí i, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó ń gbọ́ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ jìtá ni ó ń sọ, ẹ jẹ́ kí ó máa sọ. Bí ó bá ní ayé sú òun, ẹ mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní Jim Morrison kò kú, pé ó sá lọ ni. Ṣé òótọ́ ni? — Olólùfẹ́ orin

ÌDÁHÙN: Ó kú. Ohun tí ó mú kí wọ́n sọ ọ́ di àkúdàáyà ni pé wọn kò ṣe àyẹ̀wò òkú fún un, àti pé èèyàn díẹ̀ ni ó sin ín sí ibi ìsìnkú Père Lachaise ní Paris. Ní ọdún 1981, oníṣẹ́ ọnà kan gbẹ́ ère orí rẹ̀ sórí sàréè náà. Ní ọdún 1988, wọ́n jí ère náà gbé lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, níbi tí wọ́n ti ń wádìí ẹjọ́ jìbìtì mìíràn tí kò kan orin rárá.