Ààrò ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe amọ̀

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ gbé amọ̀ tiyín dání lọ sí residency oṣù mẹ́ta (ètò tí oníṣẹ́ ọnà fi ń lọ gbé níbì kan láti ṣiṣẹ́) tí wọ́n gbà yín sí ní ìlú kékeré yẹn, àbí kí ẹ lo èyí tí wọ́n ń wà níbẹ̀. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, torí kì í ṣe amọ̀ ló pa mí lẹ́kún. Ààrò tí a fi ń sun ìkòkò ni.

Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi pè mí, wọ́n ní àwọn ní ààrò oníná mànàmáná tó ń gbóná dé 1,280°C. Òótọ́ ni, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí wáyà pátápátá ni ìlú náà wà, iná tó ń dé ibẹ̀ kì í le. Bí fóltéèjì bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sílẹ̀, agbára ààrò á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú márùn-ún dínkù. Ó gun 1,140, ó dúró síbẹ̀ mọ́jú. Glaze mi, ìyẹn ohun tí a ń kùn sára ìkòkò kó lè máa dán, kò yọ́, ó kàn rí bí ẹfun gbígbẹ lára ìkòkò. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ètò náà, ó ní ẹnikẹ́ni kò ráhùn rí. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé kò tíì sẹ́ni tó sun nǹkan kọjá 1,000 níbẹ̀ kí n tó dé.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ lóṣù kejì. Mo ti mọ ìkòkò ńlá 14, ara wọn nípọn tó àtàǹpàkò. Òjò ò dá, nǹkan ò tètè gbẹ. Wọ́n ti tẹ ìwé ìpè àfihàn jáde láìbi mí ní ọjọ́ tó wọ̀. Mo gbé ìkòkò kan mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tutù, ìyẹn ni pé omi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọkùnrin tó mọ ààrò náà lò ní òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́, ó ti gbẹ. Mo gbà fún un. Ó tanná sí i nírọ̀lẹ́, ó sì sáré gbé e sókè. Omi tó bá kù sáàárín amọ̀ á hó ní 100°C, á di èéfín, bí kò bá sì rí ọ̀nà jáde kíákíá, á fọ́ ìkòkò náà. Mo jókòó síta, mò ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbàmù, gbàmù. Mẹ́sàn-án ló fọ́. Èéfọ́ wọn lẹ̀ mọ́ wáyà tó ń mú ààrò gbóná, wáyà já, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló gbà kí òmíràn tó dé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú méjìlá!

Ọkùnrin yẹn sì ní n kò po amọ̀ dáadáa ni, pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Irọ́ ni. Afẹ́fẹ́ inú amọ̀ tó gbẹ kì í bú ìkòkò, omi ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dá yín lẹ́bi. Ẹ máa wọn ìkòkò kan lórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dínkù mọ́ fún ọjọ́ méjì, ó ti gbẹ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ààrò sùn ní nǹkan bí 80 tàbí 90°C mọ́jú, kí ojú ihò rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ rọra kọjá 573 ní àlọ àti àbọ̀, torí ibẹ̀ ni sílíkà, èròjà bí iyanrìn tó wà nínú amọ̀, ti ń yí padà lójijì tí ìkòkò fi ń sán. Bí àlejò bá fẹ́ wo inú ààrò gbígbóná, ẹ kọ̀ fún un, kódà bó jẹ́ olóyè ìlú.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ibi iṣẹ́ ní gbígbẹ. Eruku amọ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ tún wo ìwé àdéhùn, ta ló ni ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀? Wọ́n gba méjì lọ́wọ́ mi.

Ó dáa, amọ̀. Ẹ gbé tiyín lọ, ó kéré tán èyí tó máa tó iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi hàn, kí ẹ sì fi tibẹ̀ dánrawò. Ọ̀pọ̀ amọ̀ pupa kì í fara da ju 1,100 lọ. Bí ẹ bá gbé e dé 1,250, á yọ́ mọ́ pẹpẹ ààrò, ẹ ó sì san owó pẹpẹ. Bí òkúta ẹfun bá wà nínú rẹ̀, ara ìkòkò á máa bó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ti sun ún tán. Ẹ fi amọ̀ náà ṣe ọ̀pá kékeré, ẹ fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 sí i, ẹ sun ún, ẹ wọn ìlà náà kí ẹ lè mọ bí amọ̀ náà ṣe sún kì sí. Ìyókù ẹ ti mọ̀.

Ṣùgbọ́n lónìí, kí ẹ tó ra àpò kankan, ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìgbà tí wọ́n sun nǹkan gbẹ̀yìn ránṣẹ́, wákàtí mélòó, ó dé iye wo, àti fọ́tò inú ààrò náà ní ọ̀sẹ̀ yìí.