Ọmọ Ọdún Mélòó ni Ìyá Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá wa papòdà lóṣù tó kọjá ní Àrámọkọ-Èkìtì. Ẹni tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú ń béèrè ọjọ́ orí wọn, ẹnu àwa ọmọ kò sì kò. Bọ̀ọ̀dá wa àgbà ní ká kọ 105, pé ó bu iyì kún òkú. Ohun tí ìyá fúnra wọn máa ń sọ ni pé wọ́n pọ̀n àwọn sẹ́yìn lọ́jọ́ tí ìyá tiwọn fẹsẹ̀ rìn lọ gba omi àdúrà lọ́dọ̀ Wòlíì Babalọlá ní Ẹ̀fọ̀n. Káàdì wọn ní ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) sọ pé 1946 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi. Bọ̀ọ̀dá wa yìí sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀. Ìtàn ìgbésí ayé tí a kọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn: "Ìyá jẹ́ olùfọkànsìn, onínúure àti abiyamọ tòótọ́." Kíjìpá ni ìyá hun tó fi rán wa níwèé. Láti ìdí òfì la ti mọ orin ìjọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á tú etí ìró, wọ́n á fún wa ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọrẹ. Ẹni tó bá mọ àkọ́sórí á gba tọ́rọ́. Ṣé irú èyí ṣe é kọ? — Àbígbẹ̀yìn Ìyá, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, àbúrò mi. Ọlọ́run á tu gbogbo yín nínú, ọmọ á sin ẹ̀yin náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ 105. Ìyá ti fẹnu ara wọn sọ ọjọ́ orí wọn fún yín. Ọdún 1930 ni ìsọjí Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oóyè, ní Iléṣà, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n láti Àrámọkọ dé Ẹ̀fọ̀n kò lè ju ọmọ ọdún méjì lọ dáadáa. Tó bá jẹ́ 105 ni, ìyá á ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, àwọn ni ì bá sì ru kèrègbè omi bọ̀ wálé.

Ìrìbọmi 1946 náà bá a mu. CAC kì í ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Ẹni tó ti mọ ohun tó gbà gbọ́ ni wọ́n ń mú wọ odò. Ọmọge ọdún mẹ́rìndínlógún sí mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Ilé ìwé ọ̀fẹ́ ńkọ́? Oṣù Kìíní ọdún 1955 ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ni olùkọ́ á bá ní kí wọ́n gbé apá gba orí kọjá. Bí ọwọ́ bá kan etí kejì, ó ti tó ilé ìwé lọ. Bọ̀ọ̀dá yín á rántí. Bí wọ́n bá tó ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ yẹn, ìyá bí wọn nígbà tí àwọn fúnra wọn tó nǹkan bí ogún ọdún. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé síbì kan. Ẹ kọ ọ́ pé: "A bí Ìyá ní Àrámọkọ ní nǹkan bí ọdún 1929." Àgbàlagbà tó ti lé ní 95 ti ní iyì tó, kò yẹ ká purọ́ mọ́ ọn níwájú pẹpẹ tó sìn títí dọ́jọ́ ikú.

Ní ti ìtàn wọn, ohun tí ẹ fi parí lẹ́tà yín gan-an ni ìtàn. Gbólóhùn olùfọkànsìn yẹn, kò sí ìyá tí wọn kì í kọ ọ́ fún, kódà èyí tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó ti òfì tó dúró gbọnrangandan lára ògiri, tó ń fi igi gbá òwú kí aṣọ lè kì, tí orin sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tí àwọn ọmọ fi mọ̀ ọ́n lórí, ìyá yín nìyẹn, kì í ṣe ìyá ẹlòmíì. Iye tí wọ́n ń ta kíjìpá kan, ẹni tó ń rà á, ọmọ tí owó rẹ̀ rán dé ibi tó kàwé dé, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ti etí ìró náà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ pé pẹ́ńsì mẹ́ta ni tọ́rọ́, kí náírà tó dé ní 1973, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìyá ń fi owó gidi kọ́ ọmọ ní Bíbélì. Tí ẹ bá rántí àkọ́sórí tó gba tọ́rọ́ fún yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Oyè ìjọ àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere, ìlà kan tó wọn.

Bí ọ̀rẹ́ ìyá kan bá ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bí ìyá ṣe rí ní ọmọge, ẹni tó kọ́ wọn ní òfì, àti orin tí wọ́n fẹ́ràn jù. Orin yẹn ni kí ẹ fún alága ìsìn, kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ láìgé e kúrú. Ẹ bẹ ẹni tó ń tẹ̀wé kó dúró dè yín.