Ṣé kí n pín háàdì kọ̀ǹpútà mi sí méjì nítorí àwọn fáìlì ohùn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba ohùn àwọn àgbà oníjàálá àti onírárà sílẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo ní, háàdì alàwo tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, 500GB sì ni. Lọ́dún tó kọjá, Windows rẹ̀ bàjẹ́, ẹni tó bá mi tún un ṣe sì nu gbogbo háàdì náà kó tó gbé òmíràn sí i. Ohùn bàbá oníjàálá kan tó ti di olóògbé bá a lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní bí mo bá pín háàdì náà sí méjì, tí sọ́fítíwíà wà ní C, tí ohùn wà ní D, irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni kí n ṣe é, kí sì ni kí n fi fún ìkọ̀ọ̀kan?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àdánù ohùn bàbá yẹn kì í ṣe kékeré rárá.

Ọ̀rẹ́ yín gbà yín nímọ̀ràn tó dára, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Bí háàdì bá ti pín sí C àti D, tí Windows sì bàjẹ́, C nìkan ló yẹ kí ẹni tó ń tún un ṣe nù. Kò sí ohun tó yẹ kó gbé ọwọ́ rẹ̀ dé D. Àmọ́ níbi tó ti máa yan èyí tó fẹ́ nù, Windows kì í kọ C tàbí D hàn án. Nọ́ńbà ìpín, bí ó ti tóbi tó, àti orúkọ tí ẹ bá sọ ọ́ ni yóò rí. Nítorí náà, ẹ sọ D ní orúkọ tó hàn gbangba, bí OHUN, kí ẹ sì jókòó tì í títí iṣẹ́ náà yóò fi parí.

Ní ti ìwọ̀n, háàdì tí wọ́n kọ 500GB sí lára máa ń fi nǹkan bí 465GB hàn nínú Windows, nítorí 1,000 ni àwọn tó ṣe é fi ń kà á, 1,024 sì ni Windows fi ń kà á. Ẹ fi 300GB fún ohùn, kí ìyókù, tó lé ní 160GB, jẹ́ ti Windows àti sọ́fítíwíà. Bí ẹ bá ń gba ohùn pẹ̀lú máíkì méjì ní ìwọ̀n ohùn 48kHz, 24-bit, báìtì 288,000 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1GB ní wákàtí kan bí Windows ṣe ń kà á. D yín yóò gba ohùn tó lé ní 300 wákàtí. Ẹ má tún pín D náà sí ti ìjálá, ti rárà àti ti ewì o, nítorí ọ̀kan yóò kún nígbà tí èkejì ṣì ṣófo. Fódà ti tó fún ìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da gbogbo fáìlì yín kọ sórí háàdì alágbèéká. Bí iná bá lọ kí iṣẹ́ náà tó parí, ètò inú háàdì lè dàrú, nítorí náà bí bátìrì yín kò bá dára mọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí UPS. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mọ́úsì tẹ "Start", kí ẹ yan "Disk Management". Háàdì yín yóò jáde bí ọ̀pá gígùn tí a là sí abala-abala. Ẹ tẹ C lọ́nà kan náà, ẹ yan "Shrink Volume", kí ẹ sì kọ 307200 síbi tí wọ́n ti béèrè iye MB, torí 300 lọ́nà 1,024 nìyẹn. Nígbà mìíràn, Windows kì í gbà kí a gé tó bẹ́ẹ̀ bí àyè tilẹ̀ pọ̀, nítorí fáìlì tí kò ṣeé sún, irú èyí tí ètò "hibernate" (tó ń tọ́jú iṣẹ́ yín sórí háàdì kí kọ̀ǹpútà tó sùn) ń lò, ti jókòó sí àárín. Ẹ pa ètò yẹn, ẹ tún kọ̀ǹpútà náà tàn, kí ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí ẹ gé yóò di dúdú. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan "New Simple Volume", kí ẹ mú NTFS, ìyẹn ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sínú háàdì, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nìyí: sọ́fítíwíà tí ẹ fi ń gba ohùn kò mọ̀ pé ẹ ti ní D. Audacity, fún àpẹẹrẹ, máa ń tọ́jú ohùn tí ẹ kò tíì fi pamọ́ sí fódà ìgbà díẹ̀ kan lórí C. Ẹ lọ sí "Preferences", ẹ wá "Directories", kí ẹ sì darí rẹ̀ sí D.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kù sí ni pé yàrá méjì lábẹ́ òrùlé kan ni C àti D. Àwo kan náà, mọ́tò kan náà àti apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà tó ń ka àwo ló ń gbé àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí háàdì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ró kọ́-kọ́-kọ́ tí kò sì tàn mọ́, tàbí tí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù, D kò ní ṣẹ́kù. Pínpín kò sì mú kí háàdì alàwo yára; bí sọ́fítíwíà bá ń ka nǹkan lórí C nígbà tí ohùn ń wọ D, ńṣe ni apá yẹn yóò máa sáré lọ sáré bọ̀. Fún máíkì kan tàbí méjì, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n fún máíkì mẹ́jọ, ohùn lè máa já.

Ẹ pín in, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó háàdì alágbèéká méjì falẹ̀. Ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ yín, èkejì á wà nílé ẹlòmíràn tí ẹ fọkàn tán. Bí ẹ bá fẹ́ lo fílááṣì dípò rẹ̀, ẹ wò ó bóyá FAT32, ọ̀nà ìtòfáìlì mìíràn, ló wà lórí rẹ̀, nítorí kò ní gba fáìlì kan tó bá tó 4GB. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ti gba ohùn àgbà kan ni kí ẹ da á kọ síbẹ̀, kí ẹ sì ṣí ẹ̀dà náà, kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin kí ẹ tó pa ti inú ẹ̀rọ tí ẹ fi gba ohùn náà rẹ́.