Ògì ni wọ́n ń fi aṣọ sẹ́, kì í ṣe bíodíísù

ÌBÉÈRÈ: Òkè-Fìà ní Òṣogbo ni mò ń gbé, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi tí mo fi ń kó yanrìn wà ní Ẹ̀pẹ́. Mo ra díísù tí wọ́n ní àwọn po epo ọ̀pẹ mọ́, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta. Oṣù mẹ́jọ rèé, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ti wà nídìí rẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí n da kẹrosíìnì díẹ̀ sí i. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

ÌDÁHÙN: Ẹni kẹrin tó máa bi mí nípa aṣọ funfun yìí nìyí. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá aṣọ yẹn padà fún ológì.

Ká kọ́kọ́ tún un sọ: bó bá jẹ́ epo ọ̀pẹ lásán ni wọ́n dà sínú díísù, ìyẹn kì í ṣe bíodíísù, ẹ má sún un mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bíodíísù ni epo tí wọ́n ti fi mẹ́táńọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, yí ẹ̀dá rẹ̀ padà. Bó bá sì jẹ́ ojúlówó, oṣù mẹ́jọ tó láti bà á jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rẹ́ yín jẹ.

Ó jọ pé gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tó já bọ́ sínú epo. Epo náà gan-an ló ń dà bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú dúrọ́ọ̀mù tí kò kún ló ń bá a jà, á kan, á wá ki bí oje igi. Oòrùn ń mú un yá, bàbà, idẹ àti síǹkì náà ń mú un yá. Ẹ sẹ́ ẹ lónìí, òmíràn á tún rọ̀ sílẹ̀, torí inú èyí tó mọ́ lójú yẹn ni kíkan náà wà. Kẹrosíìnì ńkọ́? Ó lè mú kí oje tó ṣì yọ́ sínú epo já sílẹ̀ lójijì, ní àárín ọ̀sà.

Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ gbé e sí oòrùn ọ̀sán. Bó bá yọ́ bí epo pupa tó dì láàárọ̀ ọyẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtútù ló mú un. Bó bá lẹ̀ mọ́ yín níka, tó ń rùn bí òróró tí alákàrà ti lò fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lọ nìyẹn. Bí nǹkan bí ikun bá wà láàárín omi àti epo, kòkòrò àìfojúrí ni: bíodíísù ń fa omi mọ́ra ju díísù lọ.

ISO 8217, ìlànà àgbáyé lórí epo ọkọ̀ ojú omi, ti ọdún 2017 gba ìdá 7 bíodíísù nínú 100 láàyè nínú díísù ọkọ̀ ojú omi. Ti 2024 gbà á dé 100. Ìwé ẹ́ńjìnnì yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé o.

Mi ò fojú rí epo yín, nítorí náà ẹ gbé e lọ sí láàbù kẹ́ ẹ tó pinnu. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ra èyí tẹ́ ẹ máa lò tán láàárín oṣù díẹ̀, kí dúrọ́ọ̀mù kún dé ẹnu, kó wà níbòji. Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lò ó, ẹ mú fítà méjì dání, torí ó máa ń hú ìdọ̀tí àtijọ́ inú táǹkì.

Ẹ má dà á sí gọ́tà o. Inú Ọ̀ṣun ló máa bọ́ sí, Ọ̀ṣun á sì gbé e wá bá yín lápá Ẹ̀pẹ́.