Àbúrò, má gba "mo ti gbọ́" o

Àbúrò, o ní SS ni ọ́, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, pé kíláàsì aago 8 àárọ̀ lórí àjà kejì ń gbé ọ ṣánlẹ̀, o sì ń bèèrè ẹni tí wàá kọ̀wé sí kí wọ́n yí i padà. Ọ̀gá ẹ̀ka yín ni. Kọ ọ́, fi ìwé dókítà tì í, ó parí.

Ohun tó ṣe mí ni kó o gbọ́. Èmi náà SS ni mí, Òṣogbo níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Ẹnu ni mo fi bá ọ̀gá wa sọ tèmi. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀." Táìmùtébù jáde: aago 8, àjà kẹta. Mo padà lọ, ó ní òun ò rántí pé a jọ sọ nǹkan kan. Ìgbà ọyẹ́ sì ni. Mo ń gun ọ̀kadà láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí n tó kọjá Ọláìyá òtútù á ti wọ eegun. Àtẹ̀gùn 48 ló tún ń dúró dè mí. Mo máa ń sinmi ní 12, ní 24, ní 36, màá ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú báàgì kí àwọn ọmọ má baà fura. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, mi ò kúrò ní 36. Ìbàdí òsì gan pa. Àga oníke ni wọ́n fi gbé mi sọ̀kalẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ò dé orí eegun itan mọ́, eegun ọ̀hún ti ń kú.

Mo gbé ọ̀pá lọ bá wọn. Akọ̀wé kan ní, "Ọ̀pá lásán nìyẹn, Mà, ẹ ò kúkú yarọ." Ọ̀dájú! Òfin aláàbọ̀ ara tí Buhari buwọ́ lù ní January 2019 ò sọ pé ó di ìgbà téèyàn bá yarọ. Ọdún 5 ló fún àwọn ilé ìlú láti ṣe ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn lè gbà wọlé. Ó ti pé láti 2024, àtẹ̀gùn ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Kí dókítà má kọ orúkọ àìsàn nìkan o. Kó kọ ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe: òtútù àárọ̀, àtẹ̀gùn, ìdúró wákàtí méjì. Kọ́pì lẹ́tà rẹ méjì ni kó o gbé lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí tìẹ. Má sì jẹ́ kí oníkẹ́mísì kankan gún ọ ní pentazocine, abẹ́rẹ́ apàrora líle, torí kó o lè dé kíláàsì. Mo mọ àwọn tí abẹ́rẹ́ yẹn sọ di ẹrú.

Hẹn, kíláàsì rẹ: ní kí wọ́n sún un sí aago 11, kí wọ́n sì gbé e wá sí ìsàlẹ̀. Inú lẹ́tà kan náà ni kó o kọ méjèèjì sí.